Ìwé àti fíìmù tó lè jẹ́ kó o mọ àwọn Catalan: ìdáhùn fún àbúrò kan tó ń wo Barça

Àbúrò wa kan láti Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní láti kékeré lòun ti ń wo Barça, òun sì ti ṣàkíyèsí pé tí eré bá ti dé ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 ní Camp Nou tó jẹ́ pápá wọn, apá kan nínú àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo òmìnira, òun ò sì mọ ìdí. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ni kí n kà, fíìmù wo ni kí n wò, tí màá fi mọ ìtàn àwọn èèyàn yìí àti àṣà wọn? Mi ò gbọ́ èdè wọn o, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo lè kà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó ìwé tó máa sú mi bò mí."

Àbúrò, o ṣeun gan-an. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wo ẹgbẹ́ yẹn fún ogún ọdún láì béèrè ta ló ni ín: àwọn Catalan ni, ìyẹn àwọn ará Catalonia, agbègbè Spéìn tí Barcelona jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti 17:14 kíá. Ọdún 1700 ni ọba Spéìn, Charles Kejì, kú láìbímọ, ni ìdílé ọba méjì bá ń du ìtẹ́, ti Faransé lápá kan, ti Austria lápá kejì. Àwọn Catalan gbè sẹ́yìn Austria, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wà pẹ̀lú wọn, àmọ́ nígbà tó di 1713 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Utrecht, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi àwọn Catalan sílẹ̀ láwọn nìkan. Ọ̀tá dó ti Barcelona fún ohun tó lé lọ́dún kan, ìlú náà sì ṣubú ní September 11, 1714, ọdún yẹn ni ìṣẹ́jú 17:14 ń rán wọn létí. Lẹ́yìn náà ni ọba tuntun láti ìdílé ti Faransé, Philip Karùn-ún, gbé òfin kan jáde ní 1716 tó fagi lé ilé ìgbìmọ̀ wọn àti òfin ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí ìlú ṣubú yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ńlá orílẹ̀-èdè wọn títí dòní, Diada ni wọ́n ń pè é. Tó o bá fẹ́ ka ogun yìí bí ìtàn, Victus tí Albert Sánchez Piñol kọ ní 2012 ló dáa, ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ odi mímọ ló ń sọ ọ́ nígbà tó ti darúgbó, ìwé náà nípọn àmọ́ ó ń sáré.

Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́. Mo ti rí àwọn tó fi ọba àti ogun bẹ̀rẹ̀, tó bá yá orúkọ àti ọdún á pọ̀ lágbárí wọn, wọn ò sì ní lè sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀.

Nítorí náà ìwé tí màá kọ́kọ́ fi lé ọ lọ́wọ́ ni La plaça del Diamant tí Mercè Rodoreda kọ. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti David Rosenthal ń jẹ́ The Time of the Doves, ti Peter Bush ń jẹ́ In Diamond Square, èyí tó o bá rí, gbé e. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Natàlia ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kéèkì, ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó míì, kò sẹ́ni tó ń gbà á nímọ̀ràn. Alẹ́ ọjọ́ kan ló lọ síbi ijó àdúgbò ní gbàgede kan ní Gràcia, ní Barcelona, ló bá pàdé káfíńtà kan tó ń jẹ́ Quimet. Ọkùnrin yìí sọ ọ́ lórúkọ míì lójú ẹsẹ̀, ó ní Colometa lòun á máa pè é, bó ṣe di Colometa nìyẹn, bó ṣe di ìyàwó nìyẹn. Quimet bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹyẹlé, ẹyẹlé ń pọ̀ sí i, wọ́n kúrò lórí òrùlé wọ́n wọ inú ilé, ìyàwó ló ń gbá ìgbẹ́ wọn, òun náà ló tún ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó kí wọ́n lè jẹun. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1936 nígbà tí Ọ̀gágun Franco dìtẹ̀ sí ìjọba Spéìn, Quimet lọ sójú ogun ní Aragon. Rodoreda ò mú ọ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ilé ló fi ọ́ sí pẹ̀lú obìnrin náà, oúnjẹ ń tán, àwọn ọmọ ń rù, ó ń ta ohun inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi ìpinnu kan tí mi ò ní sọ fún ọ torí o gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ fúnra rẹ.

Kò sẹ́ni tó dìde nínú ìwé yìí láti ṣàlàyé ìtàn Catalonia fún ẹ. Obìnrin yìí ò lóye òṣèlú, àwọn ọkùnrin ló ń pariwo ìyẹn. Àmọ́ tó o bá kà á tán, wàá mọ ohun tí ogun yẹn àti ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe sí èèyàn ju ẹni tó ka ìwé ìtàn mẹ́ta lọ. Ohun kan tún wà tó yẹ kó o mọ̀: ẹ̀yìn odi ni Rodoreda wà nígbà tó kọ ọ́. Ó sá kúrò nílùú ní 1939, Geneva ní Switzerland ló ti kọ ìwé tó kún fún òpópónà àti ṣọ́ọ̀bù Gràcia láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn ogún ọdún tó ti kúrò níbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí ìdíje kan ní 1960, wọn ò fún un ní ẹ̀bùn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, Joan Fuster, ló ta Joan Sales tó ń tẹ ìwé lólobó pé ohun ńlá wà níbẹ̀, Sales sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Nígbà tí Rodoreda kú ní 1983, García Márquez, òǹkọ̀wé ọmọ Kòlóńbíà tó ti gbé Barcelona rí, kọ àpilẹ̀kọ nínú ìwé ìròyìn láti yìn ín. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 1982, Francesc Betriu ló darí ẹ̀, Sílvia Munt ló ṣe Colometa, ó dáa, ṣùgbọ́n ka ìwé ṣáájú, torí ohùn obìnrin yẹn ló gbé ìwé náà ró, inú ìwé nìkan lo sì ti máa gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo Pa negre. Agustí Villaronga tó jẹ́ ọmọ Mallorca ló darí ẹ̀ ní 2010, láti inú ìtàn tí Emili Teixidor kọ. Ogun ti parí nínú èyí, abúlé kan lágbègbè Vic ni, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andreu rí òkú nínú igbó, wọ́n wá ń fẹ̀sùn kan bàbá rẹ̀ tó wà lápá àwọn tó fìdí rẹmi nínú ogun. Búrẹ́dì dúdú, ohun tí Pa negre túmọ̀ sí, ni tálákà ń jẹ, búrẹ́dì funfun wà fún àwọn tó borí. Fíìmù náà ò mú àwọn tó fìdí rẹmi bí áńgẹ́lì o, irọ́ wà lápá méjèèjì, ìyẹn gan-an ló mú kí n gba tiẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ lédè Catalan tó gba Goya fún fíìmù tó dáa jù lọ ní Spéìn, Goya mẹ́sàn-án ló kó lálẹ́ ọjọ́ náà. Má wò ó pẹ̀lú ọmọdé.

Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún ọ pé kó o ka Homage to Catalonia ti George Orwell. Kà á, mi ò ní kó o má kà á. Ó dé Barcelona ní December 1936, ó wọ ẹgbẹ́ jagunjagun POUM, ti ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n yìnbọn lù ú lọ́rùn nítòsí Huesca, ó sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ní May 1937 bí àwọn tó jọ ń bá Franco jà ṣe dojú ìbọn kọ ara wọn láàárín ìgboro. Ìwé olóòótọ́ ni. Àmọ́ àlejò ni Orwell, oṣù díẹ̀ ló lò, ohun tó ń wá ni ìjà àwọn òṣìṣẹ́, àwọn Catalan fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Rodoreda ṣáájú. Joan Sales tó tẹ ìwé Rodoreda náà jagun yẹn, ó sì kọ tiẹ̀, Uncertain Glory ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1956, àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba gé e yánnayànna. Ó le díẹ̀, fi í sẹ́yìn.

Nípa àwọn tó sá lọ sí Faransé ní 1939, wo Josep, fíìmù àyàwòrán tí Aurel ṣe ní 2020. Ìtàn Josep Bartolí ni, ayàwòrán ọmọ Barcelona tí wọ́n tì mọ́ inú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú òtútù. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló gba orí òkè kọjá lọ́dún yẹn. Fíìmù náà ò gùn, wàá wò ó tán kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kàn báyìí, torí ẹni tí ò bá mọ ọ̀rọ̀ èdè ò tíì mọ àwọn èèyàn yìí. Nígbà tí Franco wọlé, wọ́n lé èdè Catalan kúrò nílé ìwé, lọ́fíìsì ìjọba, nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ti san owó ìtanràn rí nílé ìwé torí pé ó sọ vernacular ò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Orin ni wọ́n fi gbé e padà síta. Ní 1968 Joan Manuel Serrat ló yẹ kó lọ kọrin fún Spéìn níbi ìdíje orin Eurovision, ó ní èdè Catalan lòun máa fi kọ ọ́, wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́, wọ́n rán Massiel dípò rẹ̀, Massiel sì gba ipò kìíní ní London. Ọdún yẹn kan náà ni Lluís Llach gbé L'estaca jáde, àgbàlagbà kan ń sọ fún ọ̀dọ́ nípa òpó tó ti ń jẹrà tí wọ́n so gbogbo wọn mọ́, kò dárúkọ ìjọba rárá, gbogbo ayé sì mọ ẹni tó ń bá wí. Nígbà tó yá akọrin Póláńdì kan, Jacek Kaczmarski, gbé ohùn orin yẹn, ó fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì sọ ọ́ di orin ìjà tiwọn. Wá a lórí YouTube, gbọ́ ọ, kó o sì wá fíìmù Salvador tí Manuel Huerga ṣe ní 2006, nípa ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ Salvador Puig Antich tí ìjọba Franco fún lọ́rùn pa nínú ẹ̀wọ̀n Barcelona ní March 1974. Franco fúnra rẹ̀ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe tíì pẹ́.

Mo fẹ́ kó o dúró díẹ̀ níbi tó kàn, torí ó kan àwa gan-an. Àwọn ìwé ìrìn-àjò ò kì í sọ ọ́. Owó tó kọ́ apá kan nínú ẹwà Barcelona, Kúbà ló ti wá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Catalan láti ìlú etíkun bíi Sitges àti Arenys de Mar wọkọ̀ lọ sí Kúbà lọ́dún 1800 sí òkè, wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ọtí, wọ́n ní oko ìrèké, àwọn kan nínú wọn sì ta èèyàn. Àdéhùn ti wà pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti 1817 pé kí Spéìn dá òwò ẹrú dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò yé kó èèyàn lọ sí Kúbà títí dé ọdún 1860 ó lé. Ṣírò ẹ̀ wò: àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí ní Kúbà, tí wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun àti Ṣàngó níbẹ̀, ọmọ wa ni wọ́n. Òógùn wọn wà nínú ṣúgà tó di owó, owó náà sì wọkọ̀ padà lọ sí Barcelona.

Park Güell tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò níbẹ̀, Eusebi Güell ló gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún Gaudí tó ń ya àwòrán ilé. Bàbá Eusebi, Joan Güell, Kúbà ló ti kọ́kọ́ rí owó, nígbà tí wọ́n sì ń sọ pé kí wọ́n fòpin sí ẹrú, ó wà lára àwọn tó ta kò ó. Bàbá ìyàwó Eusebi ni Antonio López, olówó ọkọ̀ ojú omi tó ti ṣòwò ẹrú ní Kúbà. Ère ọkùnrin náà wà ní ìgboro Barcelona fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìlú tó gbé e kúrò ní March 2018, pẹ̀lú ilù àti ijó lójú gbogbo èèyàn. Tó o bá ní ọ̀rẹ́ tó gbọ́ Spanish, ní kó bá ẹ wá Negreros y esclavos, ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn lórí Barcelona àti òwò ẹrú tí Martín Rodrigo àti Lizbeth Chaviano kó jọ ní 2017. Kó o tó ka ìyẹn, wá orin havaneres gbọ́, orin àwọn atukọ̀ tó ń lọ sí Kúbà tó ń bọ̀, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ lọ́dọọdún ní etíkun Calella de Palafrugell nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ọtí rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tanná sí. Orin náà dùn, mi ò ní parọ́. Mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó o bá ń gbọ́ ọ, rántí ẹni tó wà nísàlẹ̀ nínú oko ìrèké.

Fún ìgbésí ayé òní, Alcarràs ti Carla Simón ni mo yàn, 2022, ó gba Golden Bear, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin. Ìdílé kan ló ń dá oko èso peach lágbègbè Lleida. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn lórí ìwé. Nígbà ogun, ìdílé yìí fi àwọn onílẹ̀ pamọ́, àwọn onílẹ̀ wá fi ẹnu fún wọn nílẹ̀, kò sí risíìtì, kò sí ìwé. Ọmọ-ọmọ onílẹ̀ dé ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ hú igi kóun to sólà síbẹ̀. Bàbá àgbà ń wá ìwé kiri nínú ilé, ìwé tí kò sí níbẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa wo ibẹ̀ yẹn tí ò ní rántí ẹjọ́ ilẹ̀ kan nínú ẹbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣe é kì í ṣe òṣèré, àwọn àgbẹ̀ àti ará agbègbè yẹn gan-an ni, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Fíìmù tí Simón kọ́kọ́ ṣe, Estiu 1993, nípa ọmọbìnrin kékeré kan tí AIDS pa àwọn òbí rẹ̀ tó wá lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá, ó fara jọ ìtàn ayé tirẹ̀, ó rọra ń lọ, ó dáa gan-an.

Tó o bá fẹ́ràn Fágúnwà, Irene Solà máa bá ẹ lára mu. When I Sing, Mountains Dance, 2019 ló jáde lédè Catalan. Àrá pa àgbẹ̀ kan lórí òkè Pyrenees, àwọsánmà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa, lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn àjẹ́ ayé àtijọ́ gba ọ̀rọ̀ sọ, olú inú igbó sọ tiẹ̀, àgbọ̀nrín sọ tiẹ̀, òkè pàápàá sọ tiẹ̀. Ìwé kékeré ni. Josep Pla, The Gray Notebook, ìyẹn wà fún ìgbà tó o bá ní sùúrù, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1918 nígbà tí àrùn fulúù ti yunifásítì pa tó sì padà sílé ní Palafrugell. Tirant lo Blanc ti 1490 náà dáa fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn akọni, Cervantes yìn ín nínú Don Quixote, kò sí kánjú. Fíìmù Vicky Cristina Barcelona ńkọ́? Fi sílẹ̀. Ilé àti oòrùn Barcelona ló wà níbẹ̀, àwọn Catalan ò sí níbẹ̀.

Lórí bọ́ọ̀lù, Barça: A People's Passion ti Jimmy Burns ni kó o wá. Ibẹ̀ ni wàá ti kà pé ní 1925 ìjọba ti pápá Barça pa torí pé àwọn èrò súfèé sí orin orílẹ̀-èdè Spéìn, àti pé ṣọ́jà Franco yìnbọn pa ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Josep Sunyol, ní August 1936. Àwa náà ní ẹsẹ̀ níbẹ̀ o: Gbenga Okunowo, ọmọ Ìbàdàn bíi tìẹ, wọ jẹ́sì yẹn ní 1998, Asisat Oshoala láti Ìkòròdú sì gba Champions League pẹ̀lú àwọn obìnrin wọn ní 2021 àti 2023.

Ó ku ẹyọ kan, El 47 ti Marcel Barrena, 2024. Àwọn tó wá láti Extremadura àti Andalusia, tí ebi lé kúrò nílé, kọ́ ilé fún ara wọn lóru lórí òkè Torre Baró, torí bí òrùlé bá ti wà lórí ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá ò lè wó o. Kò sí omi, kò sí bọ́ọ̀sì, ìjọba ìlú ní bọ́ọ̀sì ò lè gun òkè yẹn. Ní May 1978 dráífà kan tó ń jẹ́ Manolo Vital yà kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì 47, ó gbé e gun òkè náà láti fi hàn wọ́n pé irọ́ ni. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Eduard Fernández ló ṣe Manolo. Tó o bá fẹ́ wò ó, wá èyí tí wọn ò yí ohùn rẹ̀ padà, kó o fi àkọlé Gẹ̀ẹ́sì sí i nísàlẹ̀, torí Spanish ni Manolo ń bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sọ, ó tún kọ́ èdè Catalan torí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ Catalan, wọ́n kàn ń yí láti ọ̀kan sí èkejì, tí wọ́n bá sì ti fi èdè kan ṣoṣo bo gbogbo ẹ̀, o ò ní gbọ́ ìgbà tó ń gbìyànjú láti bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lédè tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe fún Pa negre àti Alcarràs. Tí etí rẹ bá sì ti mọ èdè náà díẹ̀, Parla.cat wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè kọ́ ọ níbẹ̀ fúnra rẹ lọ́fẹ̀ẹ́.